Ṣé dandan ni kí màmá mi yáwó ra láptọ̀ọ̀pù géèmù kí n tó lè kọ́ iṣẹ́ graphics?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáńgo ni mò ń gbé n'Íbàdàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND ni. Mo gbọ́ C++ níwọ̀nba, graphics programming ló sì wù mí, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán inú géèmù àti máàpù yẹn. Láptọ̀ọ̀pù àlòkù ni mo ní, Core i5 tó ní Intel HD 520 (ṣípù tó ń ya àwòrán inú ẹ̀), RAM ẹ̀ 8GB. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò lè ṣe nǹkan kan, àfi kí n ra èyí tó ní káàdì àwòrán Nvidia, màmá mi sì ti ṣe tán láti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọjà wọn. Wọ́n tún ní OpenGL, irinṣẹ́ tí kóòdù fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, ti kú, Vulkan tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ni kí n kọ́. Ẹlòmíì ní AI ti gba gbogbo ẹ̀, kí n má da ara mi láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bá mi bẹ màmá kí wọ́n rọra, kí wọ́n má tíì tọwọ́ bọ̀wé fún ẹnikẹ́ni. Láptọ̀ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn tó kọ́ iṣẹ́ yìí, ó tó dáadáa. Graphics ni èmi náà fi ń jẹun, Ìbàdàn níbí náà ni mò ń gbé, mi ò sì fẹ́ kí ìyá kankan máa san èlé lórí ohun tí ọmọ ẹ̀ ò tíì nílò.

Ẹ̀rọ yẹn ni ká kọ́kọ́ mú. HD 520 jáde lọ́dún 2015, ó ń gbé OpenGL 4.6, ó ń gbé Vulkan, pàápàá tó o bá gbé Linux sí i, torí àwọn tó ń ṣe Mesa, dráífà ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí Linux lo ṣípù àwòrán, ò tíì pa á tì. OpenGL 3.3 ni àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń lò, ìyẹn sì ti wà láti 2010. Ohun tí HD 520 ò ní ni èròjà ray tracing (títọpa bí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn) tí Nvidia bẹ̀rẹ̀ sí í kó sínú káàdì RTX lọ́dún 2018, kò sì lè ṣe CUDA, ọ̀nà láti fi káàdì ṣe ìṣírò míì, torí ti Nvidia nìkan ni CUDA. O ò nílò ìkankan nínú méjèèjì báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ gbé géèmù tuntun sórí irú láptọ̀ọ̀pù bẹ́ẹ̀, ó ń fà tìkọ̀ tìkọ̀, wọ́n wá rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí nìyẹn. Onígun mẹ́ta ni wọ́n fi ń to gbogbo nǹkan inú géèmù pọ̀, géèmù tuntun máa ń ní èyí tó lé ní mílíọ̀nù lójú kan, tìẹ tó o máa kọ́kọ́ yà, ọ̀kan péré ni.

Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe ò nílò káàdì rárá. Kọ renderer kékeré kan, ìyẹn ètò tó ń ya àwòrán, tó jẹ́ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nìkan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, C++ tó o gbọ́ yẹn ti tó, má lo láíbúrérì kankan. Jẹ́ kó kọ àwòrán jáde sínú fáìlì PPM, torí kò sí èyí tó rọrùn tó o: o kọ P3 sókè, o kọ bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe ga, o kọ 255, lẹ́yìn náà o to nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta fún pixel (ẹyọ àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) kọ̀ọ̀kan, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ó parí. Ètò àwòrán GIMP á ṣí i fún ẹ, ọ̀fẹ́ ni.

Ìṣírò tó wà nídìí ẹ̀ ló ń dẹ́rù ba èèyàn, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti gun Láyípo rí, ilé-ìṣọ́ Bower tó wà lókè Àrẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936? Tó o bá dúró sókè ibẹ̀, páànù ilé tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ máa tóbi, àwọn tó wà lọ́hùn-ún á rí bíńtín bíi páálí ìṣáná, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè fẹ̀ bákan náà. Nínú kóòdù, pípín lásán nìyẹn. O mú x àti y ti igun kọ̀ọ̀kan lára onígun mẹ́ta ẹ, o fi bí igun náà ṣe jìnnà sí ojú tó ń wò ó pín wọn. Tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, á kéré di ìdajì. Mátíríìsì tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ìlà ìlà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó bá ẹ kó sísún, yíyí àti títóbi nǹkan jọ sójú kan, kó wá fi nọ́ńbà tó o máa fi pín yẹn pa mọ́ sí àyè kẹrin tí wọ́n ń pè ní w. Jókòó, fi bírò ṣe é lórí ìwé fún igun kan ṣoṣo, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré mú ẹ kọjá ibẹ̀.

Tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà lójú síkírìnì, wàá wá wo pixel kọ̀ọ̀kan tó wà ní sàkáání wọn, bóyá apá kan náà ló bọ́ sí lára ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ìlà kan, ìsọdipúpọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni, o yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, o wo bóyá ó lé tàbí ó dín sí òdo. Tí pixel yẹn bá wà nínú, o wo bó ṣe jìnnà tó, o fi wé ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó bá sún mọ́ ojú jù ni kó o fi sílẹ̀. Z-buffer nìyẹn, ó ti wà nínú iṣẹ́ dókítà tí Ed Catmull ṣe ní Yunifásítì Utah lọ́dún 1974. Utah yẹn náà ni Bui Tuong Phong, ọmọ Vietnam, wà nígbà tó ṣiṣẹ́ lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lára nǹkan, 1975 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, a ṣì ń lo orúkọ ẹ̀ dòní. Nvidia ò tíì sí láyé nígbà yẹn, 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn ò ní idá kan nínú agbára tó wà nínú láptọ̀ọ̀pù ẹ, ìmọ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ ló wà nínú gbogbo káàdì tí wọ́n ń tà báyìí, ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kò lè bẹ̀rẹ̀ láìní mílíọ̀nù lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn lo máa wá rí ohun tí GPU, ìyẹn ṣípù àwòrán, wà fún. Síkírìnì 1366 × 768 ní pixel 1,049,088, tó o bá fẹ́ kó yí padà nígbà 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 63 pixel, mílísẹ́kọ́ńdì 16 àti díẹ̀ lo sì ní fún àwòrán kan. CPU á máa ṣe é lẹ́yọ lẹ́yọ, á rẹ̀ ẹ́. GPU á fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún pixel ní iṣẹ́ kékeré kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá ti fi ojú ara ẹ rí i kó rẹ CPU ẹ, shader, ìyẹn kóòdù kékeré tí GPU ń ṣe, ò ní ṣòro yé ẹ.

Ó wá ku ìdí tí káàdì fi wọ́n bẹ́ẹ̀. RTX 5090 jáde lóṣù Kìíní 2025, dọ́là 1,999. Tá a bá ní ká ṣẹ́ dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta, a ò tíì sọ owó ọkọ̀ àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà 2023, dọ́là ò tíì pé 500 ní báńkì, nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024 ó ti kọjá 1,500. Ìyẹn ni tilé. Ti ìta ni pé lọ́dún ìṣúná Nvidia tó parí ní oṣù Kìíní 2025, bílíọ̀nù dọ́là 130.5 ló wọlé fún wọn, bílíọ̀nù 115 nínú ẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ dátà sẹ́ńtà wá, ti géèmù ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 11 lọ. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn láàárín àwa àti àwọn yẹn? RAM náà ti wọ̀ ọ́, lóṣù Kejìlá 2025 Micron, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́mọ́rì, kéde pé àwọn ò ní máa ta ọjà wọn tó ń jẹ́ Crucial fún àwa tá à ń rà á lẹ́yọ mọ́, pé ti AI làwọn fẹ́ gbájú mọ́. Ó dùn mí gan-an ni, torí Crucial wà lára RAM tí owó akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ká. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi RAM àlòkù tó wà nínú láptọ̀ọ̀pù ẹ ṣe pààrọ̀, má gbà o.

Òṣèlú náà wà níbẹ̀. Lóṣù Kìíní 2025 ìjọba Biden gbé òfin kan jáde lórí ṣípù AI, wọ́n pín ayé sí ìpele mẹ́ta, àwọn ọ̀rẹ́ wọn 18 wà nípele àkọ́kọ́, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wà nípele kejì, níbi tí wọ́n á ti máa ka iye tó lè wọlé. Ìjọba Trump fagi lé e lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò kan láptọ̀ọ̀pù géèmù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣípù ti di ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba, kò sì yẹ kí ẹ̀kọ́ ẹ rọ̀ mọ́ ohun tí ìbò ìlú ẹlòmíì lè yí padà láàárín oṣù mẹ́rin.

Nílé níbí, iná ni tèmi. Wọ́n gbé owó yúnìtì kan ní Band A láti 68 lọ sí 225 náírà lóṣù Kẹrin 2024, wọ́n sì ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Láptọ̀ọ̀pù géèmù tó ń jẹ 200 wátì máa jẹ yúnìtì kan ní wákàtí márùn-ún, tá a bá fi owó ìgbà yẹn ṣírò ẹ̀, 225 náírà nìyẹn, ìyẹn ò pa èèyàn. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni wàhálà ẹ̀, torí bátìrì ẹ̀ ò ní pẹ́ kú tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, invẹ́tà kékeré ò sì lè gbé e. Ti ìwọ, wátì 15 ni wọ́n ṣe irú ṣípù tó ń bá HD 520 rìn sí, wàá fi ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí olówó géèmù ti ń wá jẹnẹrétọ̀. Ìjọba Wẹ́sítàn Ríjíọ̀n gbé tẹlifíṣọ̀n WNTV kalẹ̀ n'Íbàdàn yìí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, kí a tó gba òmìnira. Ìlú tó ṣe ìyẹn yẹ kó lè fún yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ níná láti àárọ̀ dalẹ́, kó sì san owó olùkọ́ ìṣirò bó ṣe yẹ. Mo máa fara mọ́ olóṣèlú tó bá ṣe méjèèjì yìí ju ẹni tó ń pín láptọ̀ọ̀pù lọ. Ti ìjọba àpapọ̀, 3MTT, ní géèmù àti animation nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni, tó o bá rí àyè, forúkọ sílẹ̀.

OpenGL ò tíì kú. Òótọ́ ni pé Apple ní ká yéé lò ó láti 2018, ó sì dúró sí 4.1 lórí ẹ̀rọ wọn, òótọ́ ni pé 4.6 tó jáde ní 2017 ni ìkẹyìn. Vulkan bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa tọ́jú mẹ́mọ́rì, ìwọ lo máa sọ ẹni tó máa dúró de ẹni, onígun mẹ́ta kan ṣoṣo lè gbà tó ìlà kóòdù ẹgbẹ̀rún kan. Kọ́ OpenGL 3.3, kó o fi WebGL, ẹ̀yà ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà, tẹ̀lé e, kí ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ lè fi fóònù ṣí iṣẹ́ ẹ wò, lẹ́yìn náà WebGPU, èyí tó tuntun jù ú lọ, tó dé inú Chrome ní 2023. Vulkan á wá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Má fi Unity, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, nìkan ṣe gbogbo ẹ̀, o rántí owó tí wọ́n ní àwọn á máa gbà lórí bí àwọn èèyàn bá ṣe ń gbé géèmù sórí ẹ̀rọ, Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n kéde ẹ̀, ó di Oṣù Kẹsàn-án 2024 kí wọ́n tó fagi lé e, ọdún kan gbáko táwọn tó fi iṣẹ́ wọn síbẹ̀ ò fi mọ ibi tí wọ́n wà.

Ti AI, mi ò ní tàn ẹ́: iṣẹ́ géèmù le. Oṣù Kìíní 2024 nìkan, Microsoft dá èèyàn 1,900 dúró lẹ́ka géèmù, Unity dá 1,800 dúró. Má wo ọ̀nà géèmù nìkan. Àwọn tó ń ya máàpù ń wá wa, àwọn tó ń ṣe kóòdù fún àwòrán ilé, àwọn tó ń fi CT àti MRI hàn fún dókítà. DLSS 4, ètò Nvidia tó ń mú kí géèmù yára, lè fi AI ṣe mẹ́ta nínú àwòrán mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ kóòdù tó ń sọ fún un ibi tí pixel kọ̀ọ̀kan sún lọ àti bó ṣe jìnnà, ẹni tó mọ z-buffer nìyẹn. Bi AI ní ìbéèrè, àmọ́ má da kóòdù ẹ̀ síbi tí o ò lè ṣàlàyé.

Tí màmá bá ṣì fẹ́ ṣe nǹkan fún ẹ, kí wọ́n ra bátìrì tuntun àti SSD fún ẹ̀rọ yẹn, rìn dáadáa ní ọjà Queen Cinema kó o tó sanwó, jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹ. Ìgbà tí kóòdù tìẹ fúnra ẹ bá ti di ohun tí HD 520 ò lè gbé mọ́, tó o fi profiler, ètò tó ń díwọ̀n àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, wò ó tó o rí i pé káàdì ló ń fà á, kì í ṣe ìṣírò tó o kọ́ gba ẹ̀yìn, nígbà yẹn ni kó o wá RTX àlòkù, kí VRAM ẹ̀, mẹ́mọ́rì tó wà lára káàdì náà, má dín sí 8GB, owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni kó o sì fi rà á.