Ẹ má fi páúdà kápúsù sí egbò sàlẹ́ńsà

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní sàlẹ́ńsà ọ̀kadà ló jó o lẹ́sẹ̀ níjẹta, pé ìléròrò rẹ̀ ti bẹ́, pé aládùúgbò sì ní kí ẹ tú kápúsù kí ẹ wọ́n páúdà inú rẹ̀ lé e kó lè tètè gbẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ohun tí mo ṣe sí ẹsẹ̀ ara mi ní 2017 nìyẹn, àpá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní.

Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí sàlẹ́ńsà wà. Dípò kí n sáré lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ọṣẹ ìfọyín ni mo fi pa á. Nígbà tí ìléròrò yọ, mo fi abẹ́rẹ́ tú u, mo wọ́n páúdà. Ó gbẹ lóòótọ́. Èépá rẹ̀ le koko, mo sì rò pé ó ti ń jiná. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rìn díẹ̀, á là, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọyún tú jáde. Abẹ́ páúdà tó ti dì bíi sìmẹ́ńtì ló ti ń kó jọ látọjọ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fi omi rin èépá náà títí tó fi ṣí. N kò lè gbàgbé ìrora ọjọ́ yẹn. Ó ní awọ tuntun kì í rìn lórí ibi tó gbẹ. Láti etí egbò ló ti ń wọ́ bọ̀ wá sí àárín, ọ̀rinrin ló sì ń bá a ṣe é. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Winter, ti fi ẹlẹ́dẹ̀ dán an wò ní 1962: egbò tí wọ́n bò kó má gbẹ yára jiná ju èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ tí kò ta fọ egbò náà jẹ́jẹ́. Ẹ má da sípírítì sí i, ẹ má da hydrogen peroxide, oògùn olómi tó máa ń hó lójú egbò, náà sí i. Oògùn tó ń hó yẹn ń ba ẹran tuntun jẹ́. Ẹ fi vaseline tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pa á fẹ́lẹ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò bò ó. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá lẹ̀, ẹ fi omi rin ín, ẹ má fà á ya.

Ẹ wo káàdì àjẹsára rẹ̀ bóyá ó gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, torí àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Bí kò bá pé, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́.

Bí egbò náà bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tó bá wà ní oríkèé, tàbí tó funfun tí kò sì dùn ún, ilé ìwòsàn ni lónìí. Bákan náà bó bá ń wú sí i, tó ń gbóná, tó ń rùn, tàbí tí ibà mú ọmọ.

Bó bá ti ń jiná, á máa yún un gan-an lóru. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú, kí ẹ tún fi vaseline díẹ̀ sí i kó tó sùn.