Sí arábìnrin tó ń wá ìdí ìyà rẹ̀

Arábìnrin mi, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ ní ó ti pé ọdún méjì tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, pé àìsàn tún dá ìyá yín wó, pé alàgbà kan sì ní kí ẹ lọ wádìí ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi kọ́ yín, torí ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni ìyà náà máa tán. Ẹ wá ń béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ ète Ọlọ́run nínú ìpọ́njú, àti bóyá kí ẹ fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alàgbà yẹn ló mú mi dá sí i. Irú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bàbá àwọn ọmọ mi sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan pẹ̀lú àlàáfíà. Nígbà tó máa jí, apá ọ̀tún ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé e mọ́, ẹnu ti wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn máa ń dì pa bí ìkúùkù ọmọ tuntun. Láràárọ̀ ni mo máa ń tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò ló máa ń gbẹ̀yìn, kí n lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, torí òógùn inú ibẹ̀ ń rùn, awọ rẹ̀ sì ti ń bó. Bí mo bá ṣe nu ún tán báyìí, wọ́n á tún ká padà.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó gbówọ́ nínú àdúrà fi dé ilé wa. Kò béèrè bóyá mo ti sùn. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kan fara pamọ́ sínú ilé yìí, kí n kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi sínú ìwé, kí n jẹ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà á ṣí. Mo kọ ọ́ o. Aago méjì òru, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kí iná má bàa jí i. Mo kọ irọ́ tí mo pa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo kọ ìjà èmi àti àbúrò ọkọ mi. Ewé ìwé mẹ́rin, tojú tẹ̀yìn. Mo kà á sí Ọlọ́run létí, mo dìde, mo lọ fọwọ́ kan ọwọ́ náà. Ó ṣì dì pa. Mo padà lọ kọ ewé karùn-ún.

Ohun tí mo fi oṣù kan ṣe nìyẹn. Mi ò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ọmọ mọ́, bí ọ̀daràn tó ń kọ sítétímẹ́ǹtì níwájú ọlọ́pàá ni. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn dókítà kan náà ò sàn jù ú lọ. Wọ́n á dúró lórí ọkọ mi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, torí kò lè fọhùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé wọ́ nílé yín, tí apá rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Òróró la fi ń pa á lára títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù. Inú mọ́tò ni kí ẹ ti máa gbàdúrà.

Ìwé Jóòbù ni mo kà dé ìparí tí mo fi ya àwọn ìwé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn dànù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í lọ́sàn-án méje lóru méje láìsọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe tó dáa. Ìgbà tí wọ́n lanu, ẹjọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń bá a rò, pé ẹ̀ṣẹ̀ Jóòbù ló fà á. Orí 42, ẹsẹ̀ 7: Ọlọ́run bínú sí Élífásì àti àwọn ẹnìkejì rẹ̀. Jóòbù tó pariwo, tó ṣàròyé, òun ni Ọlọ́run ní ó sọ ohun tó tọ́. Ẹ tún wò ó: orí 38 sí 41, Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀ òkun àti ewúrẹ́ orí àpáta, kò mẹ́nu kan eéwo ara Jóòbù rárá. Ìwé náà parí, wọn ò sọ ìdí fún un.

Torí náà, ẹ jáwọ́ nínú ìwádìí yẹn. Jósẹ́fù jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti di ọmọ 30 kó tó dúró níwájú Fáráò. Ẹ̀yìn ikú bàbá rẹ̀ ló tó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tà á sóko ẹrú pé ibi tí wọ́n rò sí òun, Ọlọ́run rò ó sí rere. Nínú ẹ̀wọ̀n, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ agbọ́tí ọba tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n pé kó rántí òun lọ́dọ̀ Fáráò, ọdún méjì sì kọjá lẹ́yìn tí agbọ́tí jáde kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Ẹ máa wáṣẹ́. Ẹ máa bẹ èèyàn. Ìgbàgbọ́ ò ní ká máa kákòó.

Jeremáyà 29:11 tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín, pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí yín, ẹ ní kí wọ́n ka ẹsẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ó ní 70 ọdún máa pé kí ìlérí náà tó ṣẹ. Àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà síbẹ̀. Ti Róòmù 8:28 náà, pé ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ 26, níbi tí Ẹ̀mí ti ń kérora fún ẹni tí kò mọ àdúrà tó yẹ kó gbà. Ibẹ̀ yẹn ni mo gbé. Ọ̀pọ̀ òru ni àdúrà mi ò ju “Olúwa” lọ.

Ọkọ mi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ yẹn ò ṣí títí dòní. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ò jáde kúrò nínú yàrá yẹn, mo sì gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe, àní nígbà tí mò ń tú àwọn ìka náà.

Háà, ti ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ kàn sọ fún olórí yín pé ẹ ò ní lé orin fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jókòó sáàárín àwọn yòókù. Níbi tí ọ̀rọ̀ orin bá ti há yín lọ́fun, ẹ dákẹ́, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa kọ ọ́ lọ títí ẹ ó fi lè bá a gbè é.