Dókítà Wo Ni Kí N Gbé Ikùn Mi Lé Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 43 ni mí, mo wọn kílò 128, ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá mi fínra. Wọ́n ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín agbẹ̀du kù. Dókítà méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ti ń ṣiṣẹ́ abẹ láti ọdún 27, ṣùgbọ́n irú tèmi yìí kò ju mẹ́ta sí mẹ́rin tó ń ṣe lọ́dún. Èkejì kò tíì lo ọdún 9 lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má ṣe é. Ọkọ mi ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Òótọ́ lòwe tí bàbá àwọn ọmọ pa. Ṣùgbọ́n ọjà wo ni àgbà yẹn ń ná? Ẹni tó ń ná ọjà kan lójoojúmọ́ ló mọ kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lèmi yóò mú.

Ní ọdún 2013, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Michigan, ní Amẹ́ríkà. Dókítà 20 gba kí wọ́n ya fídíò ọwọ́ wọn lẹ́nu irú iṣẹ́ abẹ yìí, àwọn ẹgbẹ́ wọn wò ó láìmọ ẹni tó ni ọwọ́, wọ́n sì fún wọn ní máàkì. Lọ́dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn já fáfá jù, nǹkan bíi 5 nínú 100 aláìsàn ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba máàkì tó kéré jù, ó lé ní 14. Iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀ o. Àwọn tí ọwọ́ wọn já fáfá ni wọ́n ń ṣe é léraléra.

Síbẹ̀, ọwọ́ nìkan kọ́. Mo lo ọdún 22 ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìyá kan sì wà tí mi ò lè gbàgbé. Aago méjì òru ni, ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe tiwọn. Ara wọn ò gbóná, ikùn wọn ò le. Wọ́n kàn ń sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, ara mi ò lélẹ̀, èjìká òsì ń dùn mí.” Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo ka bí ọkàn ṣe ń lù: 124 ní ìṣẹ́jú kan. Mo dúró díẹ̀, mo tún un kà: 128. Mo pe dókítà wọn nílé. Kò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu nǹkan kan mọ́, mo ń bọ̀.” Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tún un ṣe. Ojú ibi tí wọ́n rán ló ń jò, díẹ̀ báyìí. Ẹni tí kò rí i rí ì bá ní kí n fún wọn ní oògùn ìrora títí di àárọ̀. Ẹsẹ̀ ara wọn ni ìyá náà fi rìn lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà kejì yìí: mélòó lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Mélòó nínú wọn lẹ tún gbé padà sórí tábìlì, kí ló sì fà á? Bí ọkàn mi bá ń sáré lóru, ta ni wọ́n máa pè, báwo ló ṣe máa yá tó láti dé? Tó bá ní jíjò, ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì kò ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn òun rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ tún bi í nípa fítámì tẹ́ ẹ máa lò títí ayé, B12 ní pàtàkì.

Ẹ mú bàbá àwọn ọmọ dání lọ, kí àwọn náà fi etí ara wọn gbọ́ èsì.