Má tíì ta oko bàbá yín

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní o ò rí ohun ìdúpẹ́ kankan nínú ogún tó kàn ọ́: oko kòkó tó ti gbó lọ́nà Ìdànrè, àti ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò. O fẹ́ ta méjèèjì kó o fi ra mọ́tò. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì tà á.

Ọdún 2021 ni, ọdún kejì tí bàbá mi kú. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, gbèsè ń lé mi, mo wá gé apá ìsàlẹ̀ oko wa tà. Owó náà kò pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ẹni tó rà á gé gbogbo igi ibẹ̀, ó fi sun èédú, ó sì hú pèrègún tí bàbá wa fi pa ààlà. Nígbà tó di 2024, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, má bi mí bí mo ṣe sùn.

Bàbá Ìgbìrà kan tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ló mú mi wọ oko tó kù. Èmi ń wo orí igi, òun ń wo ìdí rẹ̀. Ó ní, "Má gé e. Wo èéhù tó yọ lẹ́bàá ilẹ̀ yìí." Kí n dá ẹyọ kan tó lágbára sí, kí n já ìyókù dànù, kó ta gbòǹgbò tirẹ̀ kí n tó gé ìyá rẹ̀. Ó fi àfòmọ́ tó ń fa omi ara igi hàn mí. Kòkó tó bá dúdú lásìkò òjò, kí n tètè já a, kó má kó ran àwọn yòókù. Bí mo bá fọ́ kòkó, kí n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, kí n máa yí i, kí n tó sá a.

Gbogbo èyí ni bàbá mi mọ̀, mi ò sì bi í rí. Mo ń kàwé ni, owó oko yẹn náà ló sì ń rán mi. (Òun fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló jẹ, owó kòkó àwọn bàbá wa wà nínú ìyẹn náà.)

Ti ilé amọ̀, tún páànù rẹ̀ kàn. Òjò ló ń pa ògiri.

Bí ọwọ́ rẹ kò bá ráyè oko, fà á lé àgbẹ̀ kan lọ́wọ́, kí ẹ jọ máa pín èrè. Kó o tó ṣe ìyẹn, wá ẹni tó bá bàbá yín ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ jọ rin oko náà já. Bàbá Ìgbìrà tèmi ṣì wà láyé. Ìgbàkígbà tí mo bá ta kòkó, mo máa ń gbé iṣu àti epo lọ fún un. Mẹ́rìndínlógún ni èéhù tá a dá sí lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́tàlá ti so.