Ẹ má gbé àwọn ọmọ yẹn sá lọ sílé o, ẹ gba kóòtù lọ

Bọ̀dá mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Ẹ ní ìyàwó yín ti kó àwọn ọmọ méjèèjì jáde nílé ní Manchester, ó ti bulọ́ọ̀kù yín lórí WhatsApp, ẹ ò fojú kàn wọ́n láti ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n yín ní Òṣogbo wá ń sọ pé bàbá ló lọmọ, pé kẹ́ ẹ lọ gbé wọn nílé ìwé lọ́jọ́ Friday kẹ́ ẹ já wọn sọ́dọ̀ màmá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Èmi náà ò gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Ó máa ya àwọn kan lẹ́nu torí gbogbo èèyàn ló gbà pé nílùú òyìnbó, obìnrin ni wọ́n máa ń kó ọmọ fún. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó, nígbà témi àti bàbá wọn túká, ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn ọmọ dúró torí òun ló máa ń wà nílé lálẹ́, nígbà tó yá ó ní mi ò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Kóòtù ni mo gbà kí n tó tún rí wọn.

Òfin tí wọ́n ń lò ní England àti Wales ni Children Act ti 1989, Scotland ní tiwọn lọ́tọ̀. Kò síbi tí òfin yẹn ti ní bàbá ló lọmọ, kò sì síbi tó ti ní ìyá ló ni ín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni parental responsibility, ìyẹn àṣẹ òbí lórí ọmọ. Ìyá ní in látọjọ́ tó ti bímọ, bàbá náà ní in tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ìyá ọmọ níṣu lọ́kà tàbí tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé ìbí tí wọ́n ṣe láti 1 December 2003 wá. Ẹ ní orúkọ yín wà níbẹ̀ fún àwọn méjèèjì, so ẹ ní in. Ìyàwó yín náà ní in, ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi dá yín lóhùn pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tàwọn. Níbi tí kò bá ti sí ìwé kóòtù, tí ọmọ ò sì sí nínú ewu, wọn kì í gba ọmọ lọ́wọ́ òbí kan fún èkejì.

Gbígbé wọn lọ sílé yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Child Abduction Act ti 1984 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti mú ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 jáde ní UK láìjẹ́ pé òbí kejì tó láṣẹ lórí ẹ̀ gbà tàbí kóòtù fọwọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sì sí nínú àdéhùn Hague ti 1980 táwọn orílẹ̀-èdè fi ń dá ọmọ tí wọ́n gbé sá lọ padà, adájọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́yà ìyàwó yín náà mọ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ sí i lórí fóònù pé "màá kó àwọn ọmọ mi lọ sílé", ó lè fi ìyẹn nìkan gba ìwé kóòtù tó máa ní ẹ ò gbọdọ̀ mú wọn jáde nílùú, wọ́n tiẹ̀ lè gba páásípọ́ọ̀tù wọn pa mọ́. Kí ẹ má sì fi físà halẹ̀ mọ́ ọn o, gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí i ni wọ́n máa tẹ̀ síta gbé síwájú adájọ́.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹ máa kọ́kọ́ lọ rí mediator, ẹni tó ń bá àwọn tó ti túká parí ọ̀rọ̀ láì dé kóòtù. Ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn, MIAM ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yin nìkan lẹ lè lọ. Tí ìyàwó yín bá kọ̀ láti wá, mediator á fọwọ́ sí i fún yín, ẹ wá lè kọ fọ́ọ̀mù C100, èyí tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ sí kóòtù, lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba. Owó ẹ̀ lé ní £200, àmọ́ tówó tó ń wọlé fún yín ò bá pọ̀ ẹ kọ Help with Fees, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n má gba kọ́bọ̀. Lọ́yà ò pọn dandan. Láti 2013 nìjọba ò ti sanwó lọ́yà fún ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí mọ́, àfi ẹni tó bá lẹ́rìí pé wọ́n ń fìyà jẹ òun nínú ilé, so èmi nìkan ni mo dá dúró tèmi. Yàrá kékeré ni kóòtù náà, tábìlì kan, adájọ́ ò wọ wíìgì, ó ń fi sùúrù bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Kí ọjọ́ kóòtù tó pé, àwọn Cafcass, ìyẹn àwọn tó ń bá kóòtù wádìí ohun tó máa ṣe ọmọ lóore, máa pè yín, wọ́n á ti yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti kánsù. Ẹ gbé fóònù yẹn kódà tẹ́ ẹ ò bá mọ nọ́ńbà ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù nìyí. Nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, "ẹ̀tọ́ mi, ẹ̀tọ́ mi" ló kún ibẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń dunni, ọmọ tèèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ tọ́, àmọ́ adájọ́ ò wá síbẹ̀ torí ẹ̀tọ́ yín tàbí tèmi. Ohun tó máa ṣe ọmọ lóore lòfin ní kó fi síwájú ohun gbogbo: kí lọmọ fúnra ẹ̀ fẹ́ bọ́jọ́ orí ẹ̀ bá ṣe tó, ta ló lè tọ́jú ẹ̀, kí ni àyípadà máa ṣe sí i, ewu wo ló wà. Nígbà tí obìnrin Cafcass tó kọ ìròyìn nípa wa jókòó tì mí, kò bi mí ní nǹkan kan nípa ohun tí ọkọ mi ṣe fún mi. Orúkọ tíṣà ọmọ mi ló bi mí, àti ohun tí mo máa ń ṣe tí asthma ẹ̀ bá dé lóru. Torí náà ẹ kọ ìyẹn: ta ló máa ń gbé wọn lọ sílé ìwé, ta ló ń kọ́ wọn ní homework, ọjọ́ wo lẹ lè gbà wọ́n, aago mélòó, ibo ni wọ́n máa sùn.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ máa rí wọn ní contact centre, ibi tí òbí ti ń rí ọmọ lójú àwọn tó ń ṣọ́ wọn. Ẹ má bínú, ẹ lọ. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwa, wọ́n tẹ́ ẹní àti nǹkan ìṣeré sílẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì. Ọmọbìnrin mi kọ̀, kò sún mọ́ mi, ó ń wò mí láti ẹ̀yìn àbúrò ẹ̀. Mo mú ìyarí àti òróró dání, mo kàn gbé e sórí àga, mi ò pè é. Nígbà tó yá ó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi fúnra ẹ̀. Àkókò tó kí n tó dirun yẹn tán, bó ṣe gbé ìlàjì orí lọ sílé nìyẹn, ó ní kí bàbá òun má tú u o, pé màmá òun máa parí ẹ̀ ní Saturday tó ń bọ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Nínú ẹjọ́ ọmọ, ẹ ṣì máa rí ara yín lẹ́nu géètì ilé ìwé, lọ́jọ́ tára ọmọ ò bá yá, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn pàápàá. Ẹ má sọ ohun tí ẹ ò ní lè kó padà.

Owó oúnjẹ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ dá dúró, ẹ má dá a dúró. Ọ̀tọ̀ ni ti owó, ọ̀tọ̀ ni ti rírí ọmọ, Child Maintenance Service, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó ìtọ́jú ọmọ, máa gbà á bóyá ẹ rí wọn tàbí ẹ ò rí wọn. Ó ń dín kù tí ọmọ bá ń sùn lọ́dọ̀ yín tó òru 52 lọ́dún.

Tí ìwé kóòtù bá ti jáde tí ìyàwó yín ò tẹ̀ lé e, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, fọ́ọ̀mù C79 lẹ máa fi padà lọ sí kóòtù. Adájọ́ lè ní kó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú, láti wákàtí 40 sí 200.

Ẹ ò sọ ìdí tó fi kó jáde. Tó bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ń lu òun, kóòtù máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣe ohunkóhun, wọ́n sì lè má jẹ́ kẹ́ ẹ rí wọn tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ìyẹn. Tí kò bá sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ pe mediator lọ́la Monday. Tí wọ́n bá fún yín lọ́jọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi, màá sọ àwọn ìwé tẹ́ ẹ máa mú dání, tí mi ò bá tètè dáhùn ẹ má bínú, ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà.