Ìbéèrè Òǹkàwé: Báwo Ni A Ṣe Ń Dá Àdìrẹ Tòótọ́ Mọ̀ Ní Ọjà Ìtòkú?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ mú àlejò kan tí ó ń bọ̀ láti òkè òkun lọ ra àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n wọ́n ní ayédèrú ti pọ̀ jù níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè dá ojúlówó mọ̀? Oúnjẹ wo ni kí n sì fún un jẹ, tí yóò fi mọ̀ pé òun dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá?
Òǹkàwé yín kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, wà káàkiri ọjà náà, owó rẹ̀ kò sì tó ti èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ kankan, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń dán lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ a funfun tàbí kí ó dà bí ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Àdìrẹ tí a rẹ sínú aró a máa mu aró tojú tẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ọnà yóò hàn ní ìhà méjèèjì, kò sì ní sí òbìrípo méjì tí yóò bára mu rẹ́gí. Ní ti ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí, ohun lílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò dúdú jù, ọnà ibẹ̀ yóò sì máa hàn bàìbàì.

Èyí tí ẹ ó rí jù lónìí ni èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe, tí wọ́n sì fi aró oníkẹ́míkà rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà, ẹ má pè é ní ayédèrú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń tà á bá ní ewé ẹ̀lú ni òun fi rẹ ẹ́, tí aṣọ náà sì pupa fòò, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ máa lọ, nítorí búlúù ni ẹ̀lú ń mú jáde.

Ẹ béèrè orúkọ ọnà pẹ̀lú. Abẹ́òkúta ní òkìkí fún ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń gé ọnà rẹ̀ sára páànù, tí wọ́n á wá fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ sáṣọ. Irú rẹ̀ ni Ọlọ́ba, tí ó jáde nígbà jùbílì Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí ẹ jẹ ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé. Ó dára, ṣùgbọ́n Èkó pàápàá ti kún fún un. Láfún ni kí ẹ fún àlejò yín, kí ó gbóná, kí ó má ní kókó, kí ẹ bu ewédú àti ọbẹ̀ ata lé e. Ẹ sì sọ fún un pé láfún yìí kan náà ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù díẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀kọ tí wọ́n ń yà sára àdìrẹ.

Bí ẹ bá délé, ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sì sá a sí ibòòji, nítorí aró tuntun a máa yọ sára aṣọ mìíràn.