Ẹ Bi Bàbá Onírin: Ta ni tọ́ọ̀nù 1 náà ń bá wí?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ni mí ní Adátán, Abẹ́òkúta níbí. Mo ra ṣéènì búlọ́ọ̀kù tòkunbọ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́wọ̀n tí a ń fọwọ́ fà láti gbé ẹrù, tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 1 sí lára. Igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù la máa ń so ó kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fi gbé ẹ́ńjìnnì tírélà kan. Ọmọṣẹ́ méjì ló fa ẹ̀wọ̀n kó tó dìde. Nígbà tó gòkè tán, ó tún ń rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á ni? — Ọ̀gá Kékeré

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Kọ́kọ́ bi àwọn ọmọṣẹ́ rẹ: ta ló rọ ọ́ìlì sínú búlọ́ọ̀kù yẹn? Mo mọ̀ wọ́n. Bí nǹkan bá ti le láti fà, ọ́ìlì dúdú ni wọ́n ń sáré mú. Ẹ̀wọ̀n tó ń gbé ẹrù fẹ́ ọ́ìlì, àmọ́ bíréèkì inú rẹ̀ kò fẹ́. Òun ló ń di ẹrù mú nígbà tí ẹ bá fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ sílẹ̀. Bí ọ́ìlì bá kàn án, ó ń yọ̀ ni. Bí kì í bá ṣe ọ́ìlì, á jẹ́ pé páàdì rẹ̀ ti jẹ tán. Má fi gbé nǹkankan mọ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú yóò fi tú u.

Ọmọṣẹ́ méjì yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Búlọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù 1, ọwọ́ ẹnìkan ló yẹ kó fà á. Bí ẹ bá ti ní láti pe ẹnìkejì, ẹrù ti pọ̀ jù fún un nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tírélà tí gíábọ́ọ̀sì ṣì wà lára rẹ̀ lè kọjá tọ́ọ̀nù 1 dáadáa.

Tọ́ọ̀nù 1 tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì rèé, búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń bá wí. Kò bá igi máńgòrò wí. Ikán lè ti jẹ inú ẹ̀ka kí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Wá férémù irin tí ẹni tó mọṣẹ́ ti dán wò.

Kò bá okùn tí ẹ fi di ẹ́ńjìnnì wí pẹ̀lú. Ká ní ẹsẹ̀ okùn méjì lo so mọ́ ìkọ́. Bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gùn tó àlàfo tó wà láàárín ibi méjì tí o so wọ́n mọ́, nínú kìlò 1,000 tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 1, nǹkan bí 580 ló ń bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí okùn bá kúrú, tó tẹ́ débi pé igun òun àti ẹ́ńjìnnì di dígíríì 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé odidi kìlò 1,000. O rò pé mo ń parọ́? Kí ìwọ àti ọmọṣẹ́ rẹ jọ gbé korobá omi, kí ẹ wá máa jìnnà síra. Apá yín á sọ fún yín.

Ìkọ́ ńkọ́? Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Láfẹ́nwá, ìkọ́ wa ti là bí ẹnu ẹni tó ń yán, irin pẹlẹbẹ tó ń pa ẹnu rẹ̀ dé sì ti já. Ọ̀gá mi fi wáyà dí i. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì yọ bọ́, àwo ẹ̀bà mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ti lọ bu omi ìfọwọ́. Látìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ẹrù tó bá ṣì wà lókè, ìbáà ṣe nọ́ọ̀tì kan péré ló kù láti tú.

Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ ẹ̀wọ̀n, okùn àti ìkọ́ wò fínnífínní, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6. Tìrẹ, ṣe é lọ́la. Bí ìkọ́ bá ti là, dá búlọ́ọ̀kù náà padà. Bí ẹni tó tà á bá kọ̀, gé ìkọ́ náà sí méjì kí o tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà tún rà á.